Ọmọ mi ń tọ̀ sínú póò, ṣùgbọ́n kò gbà láti yàgbẹ́ sí i

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọkùnrin mi pé ọdún 2 àti oṣù 10. Láti ọ̀sẹ̀ 5 sẹ́yìn ló ti ń tọ̀ sínú póò, ó sì máa ń sọ fún mi kó tó tọ̀. Ìgbẹ́ ni wàhálà. Bí ìgbẹ́ bá ti ń gbọ̀n ọ́n, á sá sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, á fún ìdí pọ̀, á máa sunkún pé kí n de ìlédìí fún òun. Bí n kò bá dè é, ó lè mú un mọ́ra fún ọjọ́ 3, nígbà tó bá sì jáde, á le bí òkúta. Mo rò pé ìrora yẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù.

Mo ti ń gbé e jókòó lẹ́yìn oúnjẹ, mo gbé àpótí sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ń fún un ní omi àti èso. Mo jágbe mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, ó ṣì ń dùn mí.

Ṣé kí n máa de ìlédìí fún un nígbà ìgbẹ́ nìkan títí ìgbẹ́ náà á fi rọ̀, àbí ìyẹn á ba èyí tó ti mọ̀ jẹ́? Ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣe irú rẹ̀ rí, kí lẹ ṣe tó fi gbà?