Àwòrán Tiger Moth lára ògiri pálọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ra fọ́tò àtijọ́ kan lọ́jà àlòkù níbí ní London, dúdú àti funfun, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Tiger Moth ni, bàálù tí àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi kọ́ṣẹ́ nígbà kan rí, bẹ̀rẹ̀ láti 1932. Ọ̀gá ló ń jókòó níwájú, ọmọ ẹ̀kọ́ a wà lẹ́yìn. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn nínú fọ́tò yìí ti ká gíláàsì ojú rẹ̀ sórí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọn ò tíì ní kó dá fò.

Mo fẹ́ sọ ọ́ di ńlá. Ẹni tó kọ́kọ́ bá mi tẹ̀ ẹ́ lọ kun bàálù náà ní yẹ́lò. Lóòótọ́, yẹ́lò ni wọ́n sábà ń kùn wọ́n, àmọ́ tèmi wá dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù!

Wíńdò tún kọjú sí ògiri náà gan-an. Tí mo bá fi gíláàsì sí férémù, ojú ara mi ni mò ń rí. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ sórí kánfáàsì ni? Ìyàwó mi ní kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe kéré, kí n kàn fi páálí funfun tó fẹ̀ yí i ká. Ẹ̀rù ń bà mí pé òun ló jàre. Kí lẹ rí sí i?