Afàwòrángbè: àbá lórí orúkọ ẹni tó ń fi fídíò bá orin ṣeré lójú agbo

Ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè wa, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tó yẹ kí a máa pe òṣèré tó ń dá àwòrán sí ojú ògiri bí orin ti ń lọ lọ́wọ́, ẹni tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní VJ (ìkékúrú video jockey). Àwọn kan ní kí a yá a lò bí a ti ń pè é, kó di fíjéè. Àwọn mìíràn dábàá afifídíòhàn. Mi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Fíjéè kò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín pàápàá. Nígbà tí tẹlifíṣàn MTV bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1981, àwọn atọ́kùn ètò tó ń sọ orin tó kàn fún awòran ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Afifídíòhàn ni ẹjọ́ mi pọ̀ sí jù. Ẹni tó bá ti fídíò tí wọ́n ti ṣe parí bọ inú ẹ̀rọ, tó tẹ bọ́tìnì, tó sì lọ jókòó, ti fi fídíò hàn. Òṣèré tí à ń wí yìí kò lè jókòó báyẹn: kámẹ́rà rẹ̀ kọjú sí ọwọ́ onílù, ọwọ́ tirẹ̀ wà lórí bọ́tìnì, bí ìlù bá yí padà, àwòrán gbọ́dọ̀ yí padà. Nínú fídíò tó ní férémù 25 (ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀ lé ara wọn) ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ẹ̀rọ bá fi férémù márùn-ún pẹ́, ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ti lọ, ojú yóò sì rí i pé ọwọ́ tó wà lára ògiri ń lu ìlù tí etí ti gbọ́ kọjá. Dídáhùn lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá afàwòrángbè fún òṣèré, àti ìfàwòrángbè fún iṣẹ́ rẹ̀. Nínú orin, ẹni tó ń gbè gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí ẹni tó ń lé, kó má ṣáájú rẹ̀, kó má sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ kò ṣàjèjì, nítorí ọ̀nà tí a gbà ṣẹ̀dá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà nìyẹn. (Kí a má ṣe fi àmì ohùn ṣeré o: ẹni tó ń wo ìran ni awòran, àwòrán sì yàtọ̀ sí i.)

Ẹnìkan bèèrè bóyá àwòrán kì í lé ni. Ó ń lé. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi sinimá tí kò ní ohùn hàn, tí àwọn olórin ń wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tí wọn yóò lù, àwòrán ló ń lé, orin ló ń gbè. Ìforingbè ni mo máa pe ìyẹn. Ibi tí mo rí i pé gbígbè kò ti tó ni irú iṣẹ́ tí Steina Vasulka, obìnrin kan tó ń fi fídíò dá ọnà, ṣe ní àwọn ọdún 1970, níbi tí ìró fayolíìnì tó ń ta fúnra rẹ̀ ti ń da àwòrán rẹ̀ rú bí ó ti ń ta á. Ọwọ́ kan náà ló ń dá méjèèjì, a kò sì lè ya ẹni tó ń lé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń gbè. Mo fẹ́ kí irú èyí ní orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú àbá yín wá lórí rẹ̀.