Ṣé ìdánwò mẹ́jọ tó fún ohun méje?

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ àbójútó ojúlówó ọjà, mo kí yín. Níléeṣẹ́ táìlì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, títóbi àwọn táìlì kì í dọ́gba, nítorí pé ooru ààrò kò kárí. Irú ìṣòro yìí ni iléeṣẹ́ Ina ní Japan ní lọ́dún 1953: dípò kí wọ́n ra ààrò tuntun, wọ́n fi kún ẹfun inú amọ̀, àìdọ́gba ooru kò sì fi bẹ́ẹ̀ da táìlì láàmú mọ́. Ọgbọ́n Taguchi, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Japan, yìí wù mí púpọ̀.

Èmi náà ní ohun méje tí mo lè yí padà, ìwọ̀n méjì-méjì. Gbogbo àpapọ̀ wọn jẹ́ ìdánwò 128, ṣùgbọ́n tábìlì L8, ìyẹn àtẹ Taguchi tó ń yan ìwọ̀nba àpapọ̀ tí a ó dán wò, ní 8 péré ti tó. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé, bí omi inú amọ̀ àti agbára ìtẹ̀ bá jọ ní ipa kan, tábìlì tó ti kún bẹ́ẹ̀ yóò ka ipa náà mọ́ ohun mìíràn lọ́rùn láìjẹ́ kí a mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n dín ohun méje kù sí mẹ́rin, àbí kí n bẹ ọ̀gá mi (ẹni tí kì í fẹ́ kí iṣẹ́ dúró rárá) fún ìdánwò 16?