Ṣé òjò ló jẹ̀bi ni, àbí awakọ̀?

Ará Kubwa:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa mọ́tò àti òfin. Ẹ jẹ́ ká sọ pé mọ́tò mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn lọ́nà Kubwa nínú òjò ńlá. Ti iwájú tẹ búrẹ́kì nítorí omi tó dá gún sójú ọ̀nà, ti àárín kọlù ú, ti ẹ̀yìn kọlu ti àárín. Gbogbo wọn ní òjò ló fà á. Ta ló máa tún mọ́tò ta ṣe? Tó bá sì jẹ́ eruku ọyẹ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n ríran ńkọ́?

Awakọ̀ Zuba:
Òjò kì í wa mọ́tò. Ohun tí wọ́n máa bi awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ni pé: kí lo ṣe nígbà tí o rí i pé òjò ń rọ̀? Ẹni tó ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń lọ tó mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, àlàfo ìṣẹ́jú-àáyá méjì tó, ìyẹn mítà 44. Tí ilẹ̀ bá tutù, ẹ sọ ọ́ di mẹ́rin. Ẹni ẹ̀yìn ló ń fi àlàfo sílẹ̀, òun náà ni ẹ̀bi sábà máa ń kọ́kọ́ bá.

Ṣùgbọ́n ẹ má tètè dá ti àárín lẹ́bi. Ẹ bi awakọ̀ iwájú pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n gbá a. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ó ṣeé ṣe kí ti àárín ti dúró kí ti ẹ̀yìn tó tì í. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, ti àárín fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbá a. Ẹ bi í lójú ẹsẹ̀, kí ọ̀rọ̀ àwọn èrò tó dàrú mọ́ tirẹ̀.

Bàbá Táyà, Gwagwalada:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti eré, ẹ jẹ́ kí n fi ti táyà kún un. Kòtò ojú táyà ló ń fa omi kúrò lábẹ́ rẹ̀. Tó bá ti jẹ dé orí àwọn kókó kéékèèké inú kòtò náà, mílímítà 1.6 péré ló kù. Omi ò ní ríbi gbà mọ́, táyà á gun orí omi, sítíárìn á fúyẹ́, búrẹ́kì ò ní mú. Afẹ́fẹ́ tó kéré ń dá kún un. Tí VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ mọ́tò wò, bá bá táyà tó ti pá lẹ́sẹ̀ mọ́tò, òjò ò lè gba awakọ̀ yẹn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáípà tí rọ́bà rẹ̀ ti gan nígbà ọyẹ́. Àkọ́rọ̀ òjò ni kí ẹ bẹ̀rù jù l'Ábújá, torí eruku àti ọ́ìlì tó ti kóra jọ látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń di ọ̀rá lójú títì.

Lọ́yà Wuse:
Ilé ẹjọ́ kì í gba "iṣẹ́ Ọlọ́run ni" àfi tó bá jẹ́ ohun tí awakọ̀ tó ń ṣọ́ra ò lè rò tẹ́lẹ̀. Igi tí ìjì wó lu mọ́tò lójijì lè bọ́ sí i. Òjò oṣù kẹjọ ò bọ́ sí i rárá. Ọyẹ́ náà ńkọ́? NiMet, àjọ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, máa ń kéde eruku ṣáájú, ẹni tó ṣì ń sáré nínú rẹ̀ lọ́nà Kaduna ò lè sọ pé òjijì ni. Síbẹ̀, tírélà tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà láìtan iná, láìgbé C-caution kalẹ̀, máa pín nínú ẹ̀bi. Adájọ́ á sì dín owó ẹni tó ń pẹjọ́ kù ní ìwọ̀n ẹ̀bi tirẹ̀. Tí onítírélà bá ní iná òun ń tàn, ẹ ní kí wọ́n tọ́jú gílóòbù rẹ̀: okùn inú gílóòbù tó ń tàn nígbà ìkọlù sábà máa ń nà, torí ó gbóná. LED ò ní okùn yẹn.

Ìdójútòfò third party tó di náírà 15,000 fún mọ́tò aládàáni láti ọdún 2023 ń san tó mílíọ̀nù 3 náírà fún mọ́tò ẹni tí ẹ gbá. Kì í san tiyín.

Ará Kubwa:
Ẹ ṣeun gan-an. Tí wọ́n bá ti wọ́ mọ́tò kúrò lọ́nà ńkọ́?

Awakọ̀ Zuba:
Ó máa ń ṣòro sí i. Ẹrẹ̀ gbígbẹ tó já bọ́ lábẹ́ mọ́tò ló ń fi ibi ìkọlù hàn, omi á sì tètè wọ́ ọ lọ. Nítorí náà, tí kò bá séwu, ẹ ya fọ́tò láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó sún ohunkóhun: omi yẹn, ojú táyà gbogbo wọn, ibi tí gíláàsì fọ́ sí. Ẹ pe Road Safety ní 122. Tí wọ́n bá ti wọ́ wọn, ẹ wo bọ́ńpà. Mọ́tò tó tẹ búrẹ́kì gidi máa ń forí balẹ̀, á gbá ti iwájú nísàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí panẹ́lì-bítà fọwọ́ kàn án kí VIO àti adójútòfò tó rí i, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan lẹ́bàá ọ̀nà pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi.