Ọjọ́ tí mo rò pé mo ti rí oògùn jẹjẹrẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé ìwádìí májèlé ní yunifásítì, ẹ wá sọ tiyín. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde.

Mi ò tíì pé oṣù márùn-ún níbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni kí n da omi ewé kan sí HepG2, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tí a ń tọ́jú nínú ẹ̀rọ tí ooru rẹ̀ kì í kúrò ní 37°C, kí n sì wo iye tó máa kú. MTT, kẹ́míkà aláwọ̀ kan, la fi ń mọ̀ ọ́n. Yẹ́lò ni, sẹ́ẹ̀lì tó bá wà láàyè ló ń sọ ọ́ di elésè-àlùkò. Àwo tí mo gbé jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo ibi tí mo da ewé sí ló yẹ́lò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orí mi wú! Mo ti ń ro ohun tí màá bá àwọn oníròyìn sọ.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìpàdé wa, àti ọ̀jọ̀gbọ́n àti ẹni tó ń fọ ìgò ló máa ń jókòó. Mo fi àwòrán mi hàn wọ́n tayọ̀tayọ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó láàbù, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní: "Àbúrò, kí lo fi yọ́ ewé yẹn?"

Mo ní DMSO ni, kẹ́míkà olómi tí a fi ń yọ́ nǹkan.

"Ó tó mélòó?"

Mo ṣí ìwé mi. Ìdá 5 nínú 100. Ilé pa lọ́lọ́.

"Kòtò inú àwo tó o da DMSO nìkan sí, láìsí ewé, ńkọ́?"

Mi ò ṣe é. Mo rò pé mò ń fi àwo ṣòfò ni.

A kì í sábà jẹ́ kí DMSO ju ìdá 0.5 nínú 100 lọ. Omi tí mo fi yọ́ ewé ló pa wọ́n. Ohun tí Paracelsus, oníṣègùn ayé àtijọ́ kan, ti kọ láti 1538, pé ìwọ̀n ló ń sọ nǹkan di májèlé, mo ti kà á lórí nínú ìdánwò, mo sì gbàgbé ẹ̀ lórí tábìlì. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá yẹn ti dé kí n tó dé. A jọ tún un ṣe títí di ọ̀sán. Ewé mi? Agbára káká ló fi pa díẹ̀.

*

Tìẹ ṣì dáa. Ẹja zebrafish ni tèmi, èyí tí ọmọ rẹ̀ mọ́ gaara nínú ẹyin débi pé wàá rí ọkàn rẹ̀ tó ń lù. Ọjọ́ Àìkú tó kàn mí láti fún wọn lóúnjẹ, mo rí i pé omi àgbá kan ti dọ̀tí, mo bá bu omi ẹ̀rọ sí i ní tààrà. Omi tí gbogbo wa ń mu! Chlorine inú rẹ̀ pa wọ́n bẹẹrẹ. Mo pe ẹ̀gbọ́n kan, ó sáré dé tòun ti sálúbàtà. Òun ló dúró tì mí nígbà tí mo ń kọ ọ́ sínú ìwé ìjàǹbá.

*

Èmi ò tíì pa nǹkan kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n sọ ìtàn Karen Wetterhahn fún wa, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth, ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹjọ 1996, ìwọ̀nba dimethylmercury, májèlé olómi kan, kán sórí ìbọ̀wọ́ rọ́bà rẹ̀, ó sì gba inú ìbọ̀wọ́ náà kọjá sí ara rẹ̀. Ó kú ní oṣù kẹfà 1997. Látìgbà náà, n kì í fọwọ́ kan ìgò kankan láìkọ́kọ́ wo irú ìbọ̀wọ́ tó bá a mu. Ìyá Ìbọ̀wọ́ ni wọ́n ń pè mí. Mo sì ń jẹ́ ẹ.