Fáìsì náà ti dúró ṣinṣin

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo padà wá parí ọ̀rọ̀ tí mo dá sílẹ̀ nígbà tí mo ń ké pé fáìsì, irin ẹlẹ́nu méjì tí a fi ń di igi mú, tí mo dè mọ́ tábìlì iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà mi ń mì, tí ẹnu rẹ̀ sì ga ju ojú tábìlì lọ. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti gbà mí níyànjú, mo ti pákó líle kan bọ àárín abẹ́ tábìlì àti irin fáìsì, ẹnu rẹ̀ sì wálẹ̀ díẹ̀ ju ojú tábìlì lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ìfági mi kò fi gbá irin mọ́. Mo yọ àwọn súkúrù kúkúrú náà sọnù, mo lu ihò já, mo sì fi bóòtù mẹ́rin dè é. Ẹni tó ní kí n kọ́kọ́ mú ẹnu inú, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, dọ́gba pẹ̀lú etí tábìlì kí n tó luhò ló yọ mí, nítorí díẹ̀ ló kù kí n ṣì í lù.

Irin náà wúwo púpọ̀. Ọ̀rẹ́ mi méjì ló dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì tí wọ́n gbé e dúró, tí ìyẹ̀fun pákó ń dà sí wọn lójú, títí mo fi de nọ́ọ̀tì tán. Nígbà tí mo fi pákó bo ẹnu méjèèjì, mo fi wọ́n há bébà kan: bébà náà kò ṣeé fà yọ rárá. Ìbéèrè mi ti parí. Ẹ ṣeun gan-an.