Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ nínú ọ́fíìsì àjọlò, kí lojú yín rí?

Àṣírí Tú: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mẹ́fà la wà nínú yàrá kan, a dẹ̀ ní ẹ̀rọ tó ń fèsì yẹn kan lórí tábìlì, èmi ni mo tò ó lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, àkáǹtì mi ni mo fi ṣí i torí kò sẹ́ni tó fẹ́ fi tiẹ̀ ṣe é. Mo wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ kan, mo ní kí fóònù mi rán mi létí lágogo 3 kí n pe àwọn tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́. Mo ti gbàgbé pé àkáǹtì kan náà ni. Agogo 3 lù, ẹ̀rọ yẹn figbe ta láàrin yàrá, "pè wọ́n nípa iṣẹ́ tuntun", ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì! Ọ̀gá mi wà lórí ìdúró lẹ́yìn mi. Ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín jọ̀ọ́.

Ewé Jẹ́: Kí lọ̀gá wá sọ???

Aláriwo: "ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì" 😂😂 mo kú o

Òjò Àárọ̀: Tèmi ò tó yẹn. Àwa mẹ́rin la fara tira, irú fóònù kan náà la ń lò, tẹ́nì kan bá ti pe tiẹ̀, mẹ́ta ló máa jẹ́ "hẹ́n". Ọ̀kan nínú wa wá sọ ọ́ deré, tí mo bá ti dìde báyìí á yọjú sí tèmi, á ní kó fi áláàmù sí agogo 4 ìdájí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń bú fóònù kí n tó mọ̀ pé èèyàn ni.

Atọ́nà: @Òjò Àárọ̀ wọ settings kó o kọ́ ọ lóhùn rẹ padà, ní ti Google "Voice Match" ni wọ́n ń pè é. Ẹni tóhùn yín jọra ṣì lè rí i jí o, àmọ́ á dín kù. Tó bá jẹ́ iPhone, ṣáà da ojú ẹ̀ délẹ̀ tó o bá ń dìde, tẹ́nì kan bá pe Siri, ìyẹn ohùn tó ń fèsì nínú ẹ̀, kò ní dáhùn.

Ewé Jẹ́: ẹ jẹ́ á gbọ́ ti ọ̀gá ná jàre

Mi Ò Gbà: Ẹ ń ṣeré. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni nǹkan yẹn ń gbọ́ yín. Wọ́n ní ògiri létí, ti ìsinsìnyí ti yọ ẹnu.

Atọ́nà: Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tán. Inú ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ló ti ń dẹtí de orúkọ ẹ̀, ìgbà tó bá rò pé wọ́n pe òun ló tó ń fi ohùn ránṣẹ́ síta. "Tó bá rò" yẹn ni wàhálà, ọ̀rọ̀ tó bá ṣáà jọ orúkọ ẹ̀ lè jí i.

Mi Ò Gbà: Ṣebí 2019 ni ìròyìn gbé e pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ń gbọ́ díẹ̀ nínú ohun táwọn èèyàn ń sọ sí ti Amazon, Google àti Apple? Apple tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ oníbàárà ni kí n wá máa sọ níwájú ẹ̀? Láéláé.

Atọ́nà: Ìyẹn náà jóòótọ́. Echo, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fèsì ti Amazon, ní bọ́tìnnì tó ń pa á létí, iná pupa á tàn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.

Ọwọ́ Ríro: Ẹ má bínú, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ torí ó ti ń dà bíi pé ṣekárími ni gbogbo ẹni tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ọrùn ọwọ́ mi méjèèjì ló ń ro mí, títẹ kọ̀ǹpútà ló fà á, dókítà ní kí n sinmi ẹ̀, iṣẹ́ dẹ̀ rèé mi ò lè fi sílẹ̀, ohùn ni mo fi ń kọ ẹ́mèèlì, ohùn ni mo fi ń wá nǹkan, tó bá ṣì mí gbọ́ màá tún un pè, màá tún un pè, màá kàn rí i pé gbogbo yàrá ti dákẹ́ wọ́n ń gbọ́ mi. Ẹnì kan fi íápíìsì sétí lọ́jọ́ kan, ó kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kí n lè mọ̀ pé tèmi ni. Inú yàrá ìkẹ́rùsí ni mo ti ń lọ kọ ẹ́mèèlì báyìí, láàrin àwọn páálí.

Òjò Àárọ̀: Pẹ̀lẹ́ o. Kò yẹ kó jẹ́ ìwọ lo máa sá, àwọn ló yẹ kó wá yàrá tó nílẹ̀kùn fún ẹ.

Aláriwo: ẹni tó mí kanlẹ̀ yẹn ò dáa

Mi Ò Gbà: Mi ò bá ẹ wí o, ẹ̀rọ ni mò ń bá jà.

Ìyá Jẹ́jẹ́: Ṣé èmi nìkan ni mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Tó bá ti ṣe nǹkan fún mi, màá ní ẹ ṣé.

Aláriwo: "ẹ ṣé" kẹ̀? Ọmọ ọdún mélòó ni?

Atọ́nà: 2011 ni Siri dé orí iPhone, Alexa tó ń fèsì nínú Echo, 2014. Ọmọdé ni wọ́n, "o ṣé" ti tó.

Ìyá Jẹ́jẹ́: Òun ló ń rán mi létí oògùn mi, àwọn tí mo bí ò rántí. Ẹ ni màá máa pè é.

Àṣírí Tú: Mo ti dé. Ọ̀gá ò sọ nǹkan kan níwájú àwọn yòókù. Ìgbà tí wọ́n ń lọ nírọ̀lẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sétí mi, wọ́n ní ṣé àwọn yẹn ṣì ń gbààyàn.

Ewé Jẹ́: YÉÈPÀ

Mi Ò Gbà: Irọ́ lèyí.

Òjò Àárọ̀: Irọ́ ni o, òótọ́ ni o, ẹ yọ àkáǹtì yín kúrò lórí nǹkan yẹn. Tàbí kẹ́ ẹ tiẹ̀ yí orúkọ ẹ̀ padà.

Aláriwo: àwa yí ti Alexa wa sí "Computer", ó wà lára àwọn orúkọ tó máa ń gbà. Iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe la dẹ̀ ń ṣe. Ọjọ́ kan péré la fara dà á